Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè Ọgbẹ́ Ọmọ-Ogun?

Oríṣiríṣi gbèsè ni ó wà láàrin ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó yá owó lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ mọ iye tí ó jẹ, ó mọ ẹni tí ó jẹ, ó sì mọ ọjọ́ tí òun yóò san án. Ṣùgbọ́n gbèsè mìíràn ń bẹ tí kò rọrùn bẹ́ẹ̀ láti kà, nítorí pé ẹni tí a jẹ wà ní gbangba, ẹni tí ó jẹ ni ó ń fi ara pamọ́. Irú rẹ̀ ni gbèsè ọgbẹ́ ọmọ-ogun. Ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ méjì jáde kúrò ní ilé baba rẹ̀, ó sì fi ọ̀kan padà wá. Gbogbo wa ni a rí ẹni tí ó pàdánù. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ẹni tí yóò san án fún un, ará ìlú yóò nawọ́ sí ọba, ọba yóò nawọ́ sí ìjọba, ìjọba yóò sì nawọ́ sí ìwé òfin. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó bá fi orí fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bí a bá wo bí ayé ti rí. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀?

Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń pè ní ọgbẹ́. Ikú ọmọ-ogun a máa dun ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni ènìyàn ń kú. Ọgbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹni tí ó gbà á ń san owó-orí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, láti Òkìtìpupa dé Ìrèlè, láti Òde-Àyè dé Igbótako àti Ilútitun, ẹsẹ̀ àti apá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Ẹni tí yóò fi igbà gun ọ̀pẹ kò lè ṣe é bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá rọ. Ẹni tí yóò ru ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ilé, kí a tó rẹ ẹ́ sínú omi, kí a tó mọ ọ́n ní róbótó, kí a tó gbé e sí òkè iná kí ó di púpurú, kò lè fi ẹsẹ̀ kan rin ọ̀nà oko nígbà tí òjò bá ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹni tí yóò wa ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò nílò apá méjèèjì. Nítorí náà, ogun tí ó ti parí nínú ìwé ìtàn lè wà síbẹ̀ nínú ara ẹnìkan, kí ó máa jí pẹ̀lú rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì máa bá a sùn ní alẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa dàbí àlọ́, ẹ jẹ́ kí a mú ẹnìkan tí ó jẹ́ ará ilé wa. Ní Ẹmùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí Ìkálẹ̀ wà, ni ìlú Isaac Fadoyebo, ẹni tí a bí ní oṣù kejìlá ọdún 1925. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tí ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1942, láti di ọmọ-ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì. A kò fi í sí àárín àwọn tí ń yin ìbọn. Àárín àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí ó gbọgbẹ́ ni a fi í sí. Ó bá ẹgbẹ́ ọmọ-ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1943, tí àmì wọn jẹ́ aláǹtakùn, kọjá òkun lọ sí Íńdíà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ Bọ́mà, orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Myanmar lónìí, láti bá àwọn ará Jàpáàní jà ní àfonífojì Kaladan. Igbó ibẹ̀ di tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti inú ọkọ̀ òfurufú ni a ti ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn Jàpáàní ba dè wọ́n létí Odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ Isaac fọ́, ọta sì wọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Àwọn ọ̀tá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó kú. Òun àti David Kagbo, ará Sierra Leone, ni wọ́n jọ ṣẹ́kù sínú igbó náà. Àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí ń gbé oúnjẹ wá fún wọn ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí ó sì pẹ́, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, gbà wọ́n sí ilé ara rẹ̀. Bí àwọn Jàpáàní bá rí wọn níbẹ̀, òun àti aya àti ọmọ rẹ̀ ni ìbá fi ẹ̀mí san án. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó kọjá láti ìgbà tí ìjàm̀bá náà ti ṣẹlẹ̀ títí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà débẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1944. Isaac padà sí Nàìjíríà, ó ń tiro. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé tí ó jáde ní 1999, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ní ẹni ọdún 86.

Wàyí o, ta ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹsẹ̀ rẹ̀? Ẹnìkan lè wí pé kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ fi orúkọ sílẹ̀. Àwa kò gba èyí gbọ́. Ọmọ ọdún 16 kì í dá ogun sílẹ̀. Ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni ó ni iṣẹ́. Ìjọba ìgbà náà ni ó fẹ́ ọmọ-ogun, gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́ epo, èkùrọ́ àti rọ́bà láti ilẹ̀ wa nígbà tí àwọn Jàpáàní gba Màláyà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1942. Ẹlòmíràn lè wí pé ó ti gba owó oṣù rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí: bí a bá gba ẹnìkan kí ó gun ọ̀pẹ fún wa, tí àwa fúnra wa fún un ní igbà, tí igbà náà já lókè, tí ó ṣubú, tí ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, ǹjẹ́ a ó ju owó iṣẹ́ òòjọ́ sí i ní àyà kí a wí pé kí ó máa lọ? Owó òòjọ́ ni iye àkókò rẹ̀. Kì í ṣe iye ìbàdí rẹ̀.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà náà owó tí a ń san fún ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní pẹ́ńṣàn, kì í ṣe ọrẹ àánú, gbèsè ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹni tí ó ń gba ọrẹ a máa tẹ orí ba, a máa kí ẹni tí ó fún un ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, bí wọ́n bá sì wí pé kí ó padà wá ní ọ̀la, kò lè ráhùn. Ẹni tí ó ń gba gbèsè rẹ̀ a máa dúró ṣánṣán. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 mọ èyí dájú, nítorí ìpín 173 rẹ̀ kà á sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kí ó gba owó ìfẹ̀yìntì, ó sì pàṣẹ pé kí a máa tún owó náà yẹ̀ wò, ó kéré tán, ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Síbẹ̀ a ti rí arúgbó tí ó fi ọ̀pá gbé ara dúró nínú oòrùn láti fi hàn pé òun kò tíì kú, kí a tó lè san ohun tí òfin wí pé ó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí a bá sọ ẹni tí a jẹ ní gbèsè di alágbe, a ti dá a lọ́gbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè kejì ni pé, láti inú àpò ta ni a ó ti san án? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ tipẹ́ pé ó yẹ kí a tọ́jú ọmọ-ogun tí ó fara pa. Ní 1682 ni ọba wọn, Charles Kejì, dá ilé ńlá kan sílẹ̀ ní Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọ-ogun tí ó ti gbó tàbí tí ó ti ṣẹ́ léegun. Ilé náà ni a sì ti ń san pẹ́ńṣàn fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún tí ń gbé ilé tiwọn. Ṣùgbọ́n pẹ́ńṣàn náà kéré, iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ó di 1850, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ìjọba kó irú àwọn ọmọ-ogun àtijọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn, sínú ọkọ̀ kan náà láti máa ṣọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. A ṣe ìlérí ilẹ̀ fún wọn lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè kọ́ ilé kékeré, kí wọ́n sì máa dáko. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí di 1868 tí ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ìkẹyìn gúnlẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọgbẹ́ nínú ogun ọba di àgbẹ̀ létí Odò Swan, ó rí ibi fi orí lé.

Bí a bá dúró níbẹ̀, a ó wí pé ìjọba náà ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a fún wọn kò ṣófo. Àwọn Noongar ni ó ni ín, wọ́n sì ti ń gbé orí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1829. Àwọn tí ó ń ka Bíbélì yóò rántí òwe tí wòlíì Nátánì pa fún Dáfídì, nípa ọlọ́rọ̀ tí ó gba àlejò, tí kò fẹ́ mú nínú agbo ẹran tirẹ̀, tí ó sì lọ mú ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo tí òtòṣì ní. Ọlọ́rọ̀ náà ṣe àlejò rẹ̀ lóore, a kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n olè ni oore náà. Èyí kọ́ wa pé kò tó kí a san gbèsè. Ohun tí ó jẹ́ tiwa ni ó yẹ kí a fi san án. Gbèsè tí a fi ohun ẹlòmíràn san kò kúrò nílẹ̀, ẹlòmíràn ni a gbé e fún.

Ìbéèrè kẹta ni pé, bí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá kọ̀ ńkọ́, tàbí bí ó bá kó kúrò ní ìlú? Ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kún fún irú èyí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn ọmọ-ogun dúdú tí ó ti jà fún Faransé béèrè owó tí a jẹ wọ́n. Ìbọn ni a fi dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, ní Accra, àwọn ọmọ-ogun àtijọ́ tí ó ti Bọ́mà dé tò lọ sí ilé gómìnà ní Osu láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé e lọ́wọ́ nípa ìyà tí ń jẹ wọ́n. Ọlọ́pàá òyìnbó kan yìnbọn, àwọn mẹ́ta sì kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Àwọn tí ọta Jàpáàní kò pa, ọta ìjọba tí wọ́n jà fún ni ó pa wọ́n. Nígbà tí ó di 1957, Gold Coast di Gánà. Nígbà tí ó di 1960, Nàìjíríà gba òmìnira. Ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ṣé gbèsè náà bá a lọ ni, tàbí ó kú?

Àwa rò pé kò kú. Ogún ọdún kò pọ̀ lójú gbèsè, ọgọ́ta ọdún kò sì pọ̀. Ní 2018, ìjọba Ìlú Ọba kéde mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún àwọn arúgbó ọmọ-ogun láti àwọn ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí, tí wọ́n ń jìyà nínú òṣì. Ọdún 73 ti kọjá láti ìgbà tí ogun náà ti parí, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn sì ti wà nínú ibojì. A kò kẹ́gàn owó náà, nítorí ó ṣe ẹni tí ó kàn lóore. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí orúkọ tí a fún un: ìrànlọ́wọ́ ni a pè é, a kò pè é ní gbèsè. Ẹni tí ó san án tún fẹ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ó rọrùn fún wa láti dá òyìnbó lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ-ogun Biafra kọjá Benin, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, èyí tí kò jìnnà sí Òkìtìpupa. Ìjà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di òwe lẹ́nu gbogbo Yorùbá. Títí di òní, bí èwe wa bá bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò tí ó le, yóò rẹ́rìn-ín, yóò wí pé, ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. A ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, a sì ti gbàgbé pé àwọn kan fi apá sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn kan fi ojú sílẹ̀, àwọn kan kò sì padà sílé mọ́. Nígbà tí ogun náà parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, a kó lára àwọn ọmọ-ogun Biafra tí ó di arọ lọ sí Oji River, ní ilẹ̀ Ìgbò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti jókòó lórí kẹ̀kẹ́ wọn ní ẹ̀bá títì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tí ọkọ̀ wọn ń kọjá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ yí ìwé ìyọnilẹ́ṣẹ́ àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà tí ó jà fún Biafra padà sí ìwé ìfẹ̀yìntì. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyẹn gbà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni gbogbo èyí: láti ìgbà tí ogun Boko Haram ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ní 2009, ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́ kò tíì tán láàrin wa.

Ẹnìkan yóò wí pé, ẹni tí ó jà fún ẹgbẹ́ tí a ṣẹ́gun, kí ni a tún jẹ ẹ́? Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó ka ìtàn Mefiboṣeti nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ Jónátánì yìí nígbà tí ìròyìn dé pé baba àti baba-ńlá rẹ̀ kú sójú ogun. Alágbàtọ́ rẹ̀ gbé e sá, ó já bọ́, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ogun tí kò mọ ìdí rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di arọ. Ilé Sọ́ọ̀lù sì ni ilé tí ó ti ń lépa ẹ̀mí Dáfídì. Síbẹ̀, nígbà tí Dáfídì jọba, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wádìí kiri bóyá ẹnìkan ṣẹ́kù ní ilé náà. Kò dúró kí arọ náà wá tò lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ohun méjì ni ó fún un. Èkínní, ó dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ohun tí ó jẹ́ ti ìdílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò lọ gba ilẹ̀ onílẹ̀ fún un. Èkejì, ó ní kí ó máa jẹun ní tábìlì ọba ní gbogbo ọjọ́, bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba.

Nínú ohun méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Ilẹ̀ ni ohun tí ìjọba lè san: owó, ilé, ìtọ́jú, ẹsẹ̀ igi, iṣẹ́. Bí ìjọba kò bá sì ṣọ́ ọ, Siba ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí a ní kí ó máa ro oko náà fún arọ, tí ó sì fi irọ́ gba ilẹ̀ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìlú dàrú. Siba kò tíì kú. Gbogbo ibi tí a ti ń pín owó aláìlera ni a ti lè bá a pàdé. Ṣùgbọ́n tábìlì yàtọ̀. Kò sí ìjọba tí ó lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí a pe ẹnìkan wá jókòó pẹ̀lú wa. Ọ̀wọ̀, ìkíni, ipò nínú ìjọ, ohùn nínú ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn wọ̀nyí wà lọ́wọ́ àwa aládùúgbò. Gbèsè tiwa nìyẹn, ohun tiwa ni a ó sì fi san án. Ìjọba lè san pẹ́ńṣàn pé pérépéré kí ẹni náà sì kú nínú ìdáwà, bí àwa bá ń pè é ní arọ dípò orúkọ rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ, tí a sì ń fi í sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé nígbà tí àlejò bá dé.

Ohun kan ṣẹ́kù tí ó ga ju gbogbo èyí lọ lójú wa. Isaac Fadoyebo kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ayé jẹ ní gbèsè nìkan. Ó mọ̀ pé òun náà jẹ gbèsè. Shuyiman kò rán an níṣẹ́. Kò sí òfin, kò sí ọba, kò sí ẹ̀sìn kan náà tí ó so wọ́n pọ̀. Bí ará Samáríà inú òwe Olúwa wa, ó rí ẹni tí ó wà nínú ìrora, ó sì gbé e. Ọdún púpọ̀ kọjá, Isaac kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé orúkọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ó má bàa parun. Ní 2011, oníròyìn kan tí ń jẹ́ Barnaby Phillips mú lẹ́tà Isaac lọ sí abúlé náà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n a rí àwọn ọmọ rẹ̀, a sì ka lẹ́tà ìdúpẹ́ náà sí wọn létí. Ó ku ọdún kan kí Isaac náà kú. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Isaac kò jẹ́ kí a ka òun mọ́ ọlọ́ṣà.

Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa. Bí a bá ń wo ẹni tí ó gbọgbẹ́ bí ẹni tí a kàn ń fún ní nǹkan, a ti gba ìdajì ọmọ ènìyàn kúrò lára rẹ̀. Ọkùnrin pípé ni ẹni tí ó lè gbà tí ó sì lè san, tí a lè jẹ ní gbèsè tí òun náà sì lè jẹ gbèsè. Isaac tiro dé ọjọ́ ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò tiro. Gbèsè rẹ̀ kò sì tán sínú ibojì rẹ̀, nítorí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, ó ju 700,000 lọ nínú àwọn Mùsùlùmí Rohingya tí a lé kúrò ní agbègbè Arakan náà, tí wọ́n sá lọ sí Bangladesh. Bí a bá gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn, ẹ má ṣe jẹ́ kí a wí pé kí ni ó kàn wá. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wọn ni ó dá ọmọ Ẹmùré-Ilé padà fún ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ tí a jagun àti ọjọ́ tí a parí rẹ̀, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú ní orúkọ ẹni tí ó san án. Bí ọmọ-ogun àtijọ́ tàbí opó rẹ̀ bá wà ní ìlú yín tí kò mọ ìwé, ẹ bá a kọ lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn tí ń san pẹ́ńṣàn, ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní bá dé, tí a ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ-ogun, tí a sì ń lẹ àmì mọ́ àyà, ẹ má jẹ́ kí ó parí sí ara aṣọ. Ẹ lọ kí ẹni tí ó ń bẹ láàyè. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè ohun tí ó rí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. A kò lè dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tí ó ti sọ ọ́ nù, kò sì sí owó tí ó tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi orí fọ́ àgbọn lè jẹ níbẹ̀, bí àwa tí àgbọn náà dé ọwọ́ wa kò bá dá a jẹ.